Ìgbáradì fún Iṣẹ́ Iná Mànàmáná

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ ní apá Àgbádárìgì, tí òkùnkùn sì ń bo ìlú Ọjọ́, Ìbà, Okokomaiko àti ilé àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Navy Town, ariwo kan a máa ta lójijì láti àdúgbò dé àdúgbò: "Up NEPA!" Àwọn ọmọdé ni ó máa ń kọ́kọ́ ké e, àwọn àgbà a sì gbè é. Iná ti dé nìyẹn. Ẹ̀rọ amúnáwá tí ó ti ń hó ní ẹ̀yìnkùlé yóò dákẹ́, alágbàfọ̀ yóò sáré gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ọmọ tí ó ń fi àtùpà kàwé yóò sì fẹ́ ẹ pa. Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé láti ọdún 2005 ni ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ́ NEPA ti kásẹ̀ nílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ń ké orúkọ rẹ̀ ni a kò tí ì bí nígbà náà.

Bí a bá bi irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ léèrè pé ta ni òṣìṣẹ́ iná mànàmáná, ẹni tí wọn yóò dárúkọ ni ọkùnrin tí ó gbé àkàbà lé èjìká, tí ó wá gé wáyà ẹni tí kò san owó. Òtítọ́ ni pé òṣìṣẹ́ ni òun náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà tí ojú aráyé kò tó: ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ńlá lóru nígbà tí gbogbo ìlú sùn, ẹni tí ó ń ṣírò iye iná tí àdúgbò kan yóò lò ní ọdún mẹ́wàá sí i, ẹni tí ó ya àwòrán bí òpó iná yóò ṣe dúró nínú ẹrẹ̀ ẹ̀bá ọ̀sà, ẹni tí ó ń wo òróró inú tiransifọ́mà bóyá ó ti gbóná jù. Púpọ̀ nínú wọn ni ẹńjiníà. Báwo ni ọmọ kan láti Ọjọ́ ṣe lè di ọ̀kan nínú wọn? Ìwé nìkan kò lè gbé e débẹ̀, ọwọ́ nìkan kò sì lè gbé e débẹ̀.

Agbègbè tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí iṣẹ́ iná rárá. Ọkọ̀ ogun ojú omi kò ní wáyà tí ó so ó mọ́ ilẹ̀ nígbà tí ó bá ti kúrò ní èbúté. Iná tirẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ máa dá lójú agbami, àwọn tí ó mọ iná ni ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Nínú ọjà Àlàbá, tí òkìkí rẹ̀ ti kọjá Nàìjíríà, rédíò, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, bátìrì àti pátákó tí ń fi oòrùn dá iná ni wọ́n ń tà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwọn tí ń tún wọn ṣe sì wà lẹ́bàá wọn, wọ́n ń yọ́ òjé, wọ́n ń wá ibi tí wáyà gbé já. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá Yunifásítì tirẹ̀, LASU, sílẹ̀ ní 1983, ó sì fi olú rẹ̀ sí Ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹńjiníà rẹ̀ wà ní Ẹ̀pẹ́, ní ìkangun kejì ìpínlẹ̀ náà. Ọmọ Okokomaiko tí ojú fèrèsé ilé wọn kọjú sí ọgbà yunifásítì yóò ní láti di ẹrù rẹ̀, kí ó la gbogbo Èkó kọjá, kí ó tó kọ́ iṣẹ́ ẹńjiníà ní yunifásítì tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ wọ inú iṣẹ́ kan mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti ń bọ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ilé ẹ̀rọ sí Ìjọrà, tí ó jẹ́ pé èédú tí wọ́n wà láti inú ilẹ̀ ní Enúgu ni wọ́n ń dá sí i. Ní 1950 ni a ṣe òfin tí ó dá ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń jẹ́ ECN sílẹ̀ láti máa bójú tó iná káàkiri Nàìjíríà. Nígbà tí ó di 1962, a dá àjọ mìíràn sílẹ̀ tí yóò sé odò Ọya ní Kainji. Ní 1968 ni omi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá iná. Ní 1972 ni a pa àwọn méjèèjì pọ̀, tí wọ́n di NEPA. Ní 1964, nígbà tí ECN ṣì wà, Ben Enwonwu, ọmọ Ìbò tí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ gbajúmọ̀ ní ayé, fi idẹ ṣe ère Ṣàngó kan, tí wọ́n gbé dúró síwájú olú ilé-iṣẹ́ náà ní Marina. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ta ni a bá tún fi ṣe olùṣọ́ ilé mànàmáná bí kò ṣe ẹni tí àwọn baba wa ti ń fi mànàmáná mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀?

Àyípadà ńlá dé ní 2005, nígbà tí òfin tuntun tú NEPA ká. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń dá iná àti àwọn tí ń pín in lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ta àwọn òpó gíga tí ń gbé iná láti ìlú dé ìlú. Àwọn ará Ọjọ́ bọ́ sí abẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ní apá gúúsù Èkó. Òfin mìíràn tún dé ní 2023, tí ó fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti ṣe ètò iná tirẹ̀.

Kí ni èyí kan akẹ́kọ̀ọ́? Ó kàn án púpọ̀. Láyé ECN àti NEPA, ọ̀gá kan ṣoṣo ni ó wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá ráyè wọ ibẹ̀ lè máa kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó tó di pé wọ́n fi ohun ńlá kan lé e lọ́wọ́. Nísinsìnyí, ọ̀gá ti di púpọ̀, olúkúlùkù wọn sì ń wá ẹni tí ó ti gbọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹrù tí ilé-iṣẹ́ ń rù tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sórí akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá jáde ní yunifásítì tí kò tí ì fi ọwọ́ kan ohunkóhun yóò rí i pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fi kọ́kọ́rọ́ ilé tiransifọ́mà lé e lọ́wọ́.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí iná ń gbà dé Ọjọ́, nítorí pé ọ̀nà náà ni yóò fi ìdí tí ìwé fi ṣe pàtàkì hàn. Ní Ẹ̀gbín, lẹ́bàá ọ̀sà ní apá Ìkòròdú, ẹ̀rọ mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀. A ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti lè dá megawatt 220, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ megawatt 1,320. Gáàsì ni wọ́n ń sun láti fi se omi. Ooru omi náà ni ó ń yí ẹ̀rọ. Bí iná bá ti jáde, wọn a gbé ipá rẹ̀ ga dé volt 330,000 kí ó tó gun orí òpó gíga. Bí ó bá súnmọ́ ìlú, wọn a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 132,000, lẹ́yìn náà sí 33,000, lẹ́yìn náà sí 11,000, títí tiransifọ́mà àdúgbò yóò fi sọ ọ́ di volt 240 tí ń wọ inú ilé.

Èéṣe tí wọ́n fi ń gbé e ga tí wọ́n tún ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀? Ẹni tí kò mọ ìṣirò yóò rò pé àṣà lásán ni. Ẹ fi iná wé omi inú páìpù: volt ni ipá tí ń ti omi náà, ampere sì ni iye omi tí ń ṣàn kọjá. Bí a bá sọ ipá di púpọ̀ ní ìlọ́po iye tí ń ṣàn, èsì rẹ̀ ni watt, èyíinì ni iṣẹ́ tí iná náà lè ṣe. Bí ìlú kan bá ń fẹ́ watt 1,000,000, a lè fi ampere 100 ránṣẹ́ ní volt 10,000, a sì lè fi ampere 10 péré ránṣẹ́ ní volt 100,000. Ìlú yóò rí ohun kan náà gbà. Ṣùgbọ́n wáyà kì í jẹ́ kí iná kọjá lára rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. A máa gbóná, ooru náà sì jẹ́ iná tí ó ṣòfò. Ooru yìí kì í pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ampere. Bí ampere bá di ìlọ́po mẹ́wàá, ooru a di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ẹni tí ó fi ampere 10 ránṣẹ́ dípò 100 ti dín òfò rẹ̀ kù sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo òpó irin gíga tí ẹ ń rí bí ẹ ti ń wọ ọkọ̀ káàkiri ilẹ̀ yìí, orí ìṣirò kékeré yìí ni wọ́n dúró lé.

Nítorí náà ni ìgbáradì fi bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìṣirò, físíìsì àti kẹ́místrì ni òpómúléró rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì sì kún wọn, nítorí pé èdè tí wọ́n fi kọ ìwé ẹ̀rọ nìyẹn, òun náà sì wà nínú ohun tí wọn yóò fi dán ọmọ wò kí ó tó wọ yunifásítì. Àwọn ọmọ a máa kùn pé kí ni àwọn fẹ́ fi síínì àti kósíínì ṣe láyé. Iná tí ń wọ ilé wa kì í lọ tààrà bí omi odò. A máa lọ, a sì máa padà, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ó sì ti ń lọ tí ń padà gan-an ni síínì ṣe rí nígbà tí a bá yà á sórí ìwé. Ọmọ tí ó sá fún un ní kíláàsì kẹrin yóò tún bá a pàdé ní yunifásítì, nígbà náà kò sì ní sí ibi tí yóò sá sí.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn tí orí wọn pé nínú ìṣirò nìkan ni iná mọ̀. Michael Faraday, tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1791, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Kò rí ilé-ìwé lọ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ń di ìwé ni wọ́n fi í sí láti kọ́ṣẹ́, a sì máa ka àwọn ìwé tí wọ́n bá gbé wá fún dídì. Ní 1812 ó lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Humphry Davy, ọ̀mọ̀wé ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ gbogbo ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í ní ìwé, ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀mọ̀wé náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Davy gbà á ṣe olùrànlọ́wọ́. Ní 1831 ni Faraday rí i pé bí a bá ń ti òòfà wọ inú wáyà tí a ká, tí a sì ń fà á jáde, iná yóò máa ṣàn nínú wáyà náà. Gbogbo ẹ̀rọ tí ń yí láti dá iná lónìí, láti Kainji títí dé ẹ̀rọ kékeré tí ń hó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ní Ìbà, ọmọ ìran ohun tí ó rí lọ́jọ́ náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Faraday kò lè fi ìṣirò sọ ọ́. Ó di àwọn ọdún 1860 kí James Clerk Maxwell, tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ Scotland, tó sọ ohun tí ọwọ́ Faraday rí di ìṣirò. Ọwọ́ ṣíwájú, ìwé tẹ̀ lé e. Láìsí ọ̀kan, èkejì ìbá dúró sójú kan.

Láti jẹ́ kí ọwọ́ àti ìwé pàdé ni wọ́n ṣe dá ètò SIWES sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àjọ ITF, tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1971, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1973. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹńjiníà a máa lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, a sì máa lo oṣù mẹ́fà nínú rẹ̀, nígbà tí ó bá dé ọdún kẹrin, ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Àwọn tí ó gba ọ̀nà pólì a máa lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ láàárín ìwé ẹ̀rí kìíní àti èkejì. Wọn a fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kan tí yóò máa kọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì máa fọwọ́ sí i.

Ètò náà dára. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni kì í dára nígbà gbogbo. Ẹ ro ti akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí ó ti Ìbà jáde, tí wọ́n jọ gba àyè oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú wáyà iná. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, kò sí ẹni tí ó ráyè ti wọn. Wọ́n ní kí wọ́n lọ ra oúnjẹ, wọ́n lọ. Wọ́n ní kí wọ́n gbé fáìlì, wọ́n gbé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èkínní nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ìsinmi náà. Ó rí ìjókòó lábẹ́ fáànù, a máa wo fóònù rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, bí ó bá sì di ọjọ́ Ẹtì, a kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé, "A tún tiransifọ́mà ṣe." Ọ̀gá tí kò ráyè a sì fọwọ́ sí i. Ìwé náà kún, ó mọ́, ó gún régé. Irọ́ ni ó kún inú rẹ̀.

Èkejì kò kọ̀ láti ra oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e dé, a kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a bi àgbà òṣìṣẹ́ léèrè pé, "Baba, ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n ń pe irin yìí?" Àgbà òṣìṣẹ́ náà kò dé yunifásítì rí, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ ni ó ti jáde, ó sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ju ọjọ́ orí akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Àwọn ọmọ yunifásítì mìíràn a máa fojú tẹ́ńbẹ́lú irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọn kò sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n wá ra ni wọ́n ń ta nù. Ọmọkùnrin yìí pọ́n ọn lé. Nígbà tí ó ṣe, bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bí wọ́n bá ti ń jáde: "Ọmọ mi, gbé àpò irinṣẹ́, ó yá."

Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú. Wáyà kan já sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbọ́dọ̀ di síso, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì sì bá wọn lọ. Wọ́n ti yọ fíùsì ní ìdí tiransifọ́mà, wọ́n sì ti ránṣẹ́ padà pé iná ti kú. Ilẹ̀ tutù. Àwọn ará àdúgbò dúró, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tètè ṣe é, ẹja àwọn ń bàjẹ́ nínú fíríìsà. Akẹ́kọ̀ọ́ kìíní, tí ó fẹ́ kí wọ́n rí i pé òun náà ń ṣiṣẹ́, nawọ́ láti gbé ìkangun wáyà náà. Èkejì di í lápá mú, ó sì yíjú sí àgbà: "Ẹ jọ̀wọ́, Baba, ṣé ẹ ti dán an wò?"

Àgbà náà kò bínú. Ó mú tẹ́sítà rẹ̀, ó kọ́kọ́ fi kan ibi tí ó mọ̀ dájú pé iná wà, kí ó lè mọ̀ pé tẹ́sítà náà kò kú. Lẹ́yìn náà ni ó fi kan wáyà ilẹ̀. Iná wà níbẹ̀.

Ibo ni ó ti wá? Ilé kan ní ìkangun àdúgbò ni ó tan ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ra súwìṣì tí í máa ya iná ẹ̀rọ kúrò lára iná òpó. Wáyà lásán ni ó fi so ó. Iná ẹ̀rọ rẹ̀ gba inú ilé rẹ̀ jáde, ó padà sórí wáyà àdúgbò. Volt 240 ni, kò ju ti inú ilé lọ. Ṣùgbọ́n irú iná bẹ́ẹ̀ tún lè gba inú tiransifọ́mà tí wọn kò yọ fíùsì rẹ̀ kọjá sí òdìkejì, níbi tí yóò ti di 11,000, kí ó sì pa ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lórí òpó ní ọ̀nà jíjìn, ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń tan ẹ̀rọ.

Kí ó lè yé yín bí ó ti kù díẹ̀ tó, ẹ ṣírò rẹ̀. Gílóòbù watt 60, tí í máa tan yàrá kan, ń fa ìdá mẹ́rin ampere kan péré nígbà tí ó bá wà lórí volt 240. Ṣùgbọ́n ìdá mẹ́wàá ampere kan, bí ó bá gba àyà kọjá, ti tó láti da lílù ọkàn rú. Iná tí ń tan gílóòbù kékeré kan ju èyí tí ó lè pa ènìyàn lọ. Ọwọ́ gbígbẹ a máa dènà iná díẹ̀. Ọwọ́ tí ó tutù, ní ilẹ̀ tí ó tutù, kì í dènà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àgbà náà fi kọ́ wọn lọ́jọ́ náà kò ṣòro láti há sórí. Ṣíṣe é lójoojúmọ́ ni ó ṣòro. Kí a pa iná, kí a sì yọ ohun tí ó so ó pọ̀ kí ojú rí i pé ó já. Kí a fi àgàdágodo tì í, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹni tí ń ṣiṣẹ́, kí ẹlòmíràn má baà ṣèèṣì tàn án. Kí a kọ ìkìlọ̀ sí ibẹ̀. Kí a dán an wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé ó ti kú. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí a fi wáyà so ó mọ́ ilẹ̀, kí iná tí ó bá tún ti ibòmíràn yọ́ wá lè bá ilẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fo ọ̀kan nínú wọn lè fò ó ní ìgbà ọgọ́rùn-ún kí ohunkóhun má ṣe é. Èyí gan-an ni ó fi léwu, nítorí pé a máa jẹ́ kí òmùgọ̀ rò pé ọlọ́gbọ́n ni òun.

Nígbà tí wọ́n padà sí yunifásítì, máàkì tí àwọn méjèèjì gbà lórí ìwé iṣẹ́ lè má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ọ̀tọ̀ ni èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú bọ̀ lára.

Ẹ̀kọ́ kò sì tán síbẹ̀. Ní 2009 ni ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ NAPTIN fún àwọn òṣìṣẹ́ iná, ó sì ní àyè ẹ̀kọ́ ní Èkó, ní Ìjọrà àti ní Àkàngbà. Àwọn tí ó ti gba oyè yunifásítì pẹ̀lú lè lọ síbẹ̀ láti kọ́ ohun tí yunifásítì kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi kọ́ wọn. Àjọ COREN, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1970, ni ó ń fi orúkọ ẹńjiníà sínú ìwé ní Nàìjíríà, kì í sì í fi ti ẹnikẹ́ni síbẹ̀ ní ọjọ́ tí ó gba oyè. Ó gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan lábẹ́ ojú àwọn tí ó ṣíwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin pẹ̀lú ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Iná kì í bèèrè bóyá ọkùnrin ni ó di òun mú tàbí obìnrin, síínì àti kósíínì kò sì bèèrè rẹ̀ rí.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń yí padà. Pátákó oòrùn tí wọ́n ń tà ní Àlàbá ti wà lórí òrùlé púpọ̀ ní Ìbà, ó sì ń fẹ́ ẹni tí yóò ṣírò iye bátìrì tí ilé kan nílò, kì í ṣe ẹni tí yóò kàn gbé e gun òrùlé. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní 2023, iná mànàmáná ni ó ń gbé e sáré. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin méjì tí àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí lé, irin kẹta wà níbẹ̀ tí iná ń gba inú rẹ̀ ṣàn. Ọ̀nà náà ni wọ́n ṣètò láti gùn tó kìlómítà 27, ibi tí yóò sì parí sí ni Okokomaiko. Lójoojúmọ́ ni irin kẹta náà yóò máa fẹ́ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ní òru, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ìkẹyìn bá ti sinmi: ẹni tí yóò pa iná, tí yóò fi àgàdágodo tì í, tí yóò fi kọ́kọ́rọ́ sápò, tí yóò sì tún mú tẹ́sítà rẹ̀ jáde.